Ọ̀rá Ẹlẹ́dẹ̀ Lẹ́nu Bíréèkì

Dúró níbẹ̀! Ìwọ tí o ń fi ìka olóròóró ṣí ìwé yìí, dúró, nu ọwọ́ rẹ, kí o sì jókòó dáadáa. Bí oúnjẹ bá wà lẹ́nu rẹ, gbé e mì. Bí ẹnìkan bá ń pè ọ́ láti yàrá kejì, sọ fún un pé o wà nínú ìwàásù. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìlú Grubenau wà nínú kòtò láàrin òkè méjì. Ojú irin ẹlẹ́ṣin tí wọ́n fi ń kó iyọ̀ Késárì tó ń jọba ní Vienna a máa ti òkè kan sọ̀kalẹ̀ wọ ìlú, a sì tún máa gun òkè kejì jáde. Ní ìlú yìí ni ọkùnrin kan wà tí Ọlọ́run fún ní ikùn tó yọ síwájú, irùngbọ̀n tó gún régé, àti ohùn tó ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Etí nìkan ni kò ní. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Etí wà ní orí rẹ̀, ó pupa, ó sì fẹ̀ bí ewé kábéèjì, ṣùgbọ́n ìyìn nìkan ló mọ ọ̀nà tó wọ ibẹ̀.

Pömmerl lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ dán an wò kó pè é ní Pömmerl? Bí iná tilẹ̀ ń jó aṣọ lára rẹ, tí o sì fẹ́ sọ fún un pé kí ó bá ọ bu omi, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí fìlà, kí o wí pé: "Ọlọ́lá jùlọ, Ọ̀gá Àgbà Aláyẹ̀wò Ojú Irin Ẹlẹ́ṣin ti Késárì, Alábòójútó Iyọ̀ Tó Ń Lọ àti Àpò Òfìfo Tó Ń Bọ̀, Alákòóso Ibùdókọ̀ Òkè àti Ìsàlẹ̀, Ọmọ Ẹgbẹ́ Àyẹ́sí nínú Ẹgbẹ́ Ìgbéga Ẹlẹ́dẹ̀." Bí o bá fo ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, wàá tún un bẹ̀rẹ̀.

N kò ní parọ́ mọ́ ọn, bí gbogbo ilẹ̀ Késárì ṣe ń ṣe nìyẹn. Oyè ọkọ ni wọ́n fi ń pe ìyàwó pàápàá. Kreszenz, aya rẹ̀, ni Ìyáàfin Ọ̀gá Àgbà Aláyẹ̀wò, ìbáà jẹ́ níwájú pẹpẹ, ìbáà jẹ́ níbi tó ti ń ra àlùbọ́sà. Oyè náà dùn mọ́ ọn títí di ọjọ́ tí Késárì sọ ọkọ obìnrin tó ń jókòó níwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì di Olùdámọ̀ràn Ààfin. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú Kreszenz.

"Ẹ ń jẹun," ó wí fún ọkọ rẹ̀ nídìí ọbẹ̀. "Ẹ ń gbé òkèlè búrẹ́dì mì bí ẹni pé nǹkan ń lọ dáadáa nílé yìí. Ìyá yẹn yíjú wò mí nígbà tí a ń kọrin. Ó ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyáàfin Aláyẹ̀wò.' Ó gé 'Ọ̀gá Àgbà' sọ nù!"

"Ó gé e?"

"Ó gé e bí ẹni gé ìrù ajá."

Pömmerl gbé ṣíbí kalẹ̀. "Kreszenz, fọkàn balẹ̀. Ìjòyè Trattenegg ń bọ̀ láti Vienna lọ́jọ́ àjọ̀dún Màríà. Òun ló ń gbé orúkọ lọ síwájú Késárì. Bí inú rẹ̀ bá sáà ti dùn sí bí a ṣe gbé e sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wọ ìlú, ó parí. Olùdámọ̀ràn Ààfin ni mí."

"Èmi ń kọ́?"

"Ìwọ náà."

"Ẹ pè é kí n gbọ́."

"Ìyáàfin Olùdámọ̀ràn Ààfin."

Obìnrin náà dijú, ó ní kí ó tún un pè. Ó tún un pè. Ó tún un pè títí ọbẹ̀ fi tutù.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi dán ìrìn àjò náà wò kí àlejò tó dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe rí. Ẹṣin méjì ló ń fà á lórí irin. Bó bá ń gun òkè, àwọn ẹṣin ló ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, bíréèkì ló kàn. Ọwọ́ irin kan wà níwájú awakọ̀. Bó bá ń yí i, ìtì igi kan a fún mọ́ kẹ̀kẹ́ irin lára, igi a máa ha irin, irin a máa ké, ọkọ̀ a sì máa rọra lọ. Mi ò ní sọ pé igbe náà dùn. Bí ẹlẹ́dẹ̀ tó rí ọ̀bẹ ló ṣe ń dún.

Pömmerl jókòó síbi tí ìjòyè yóò jókòó sí. Alois Dorfinger, olórí ìlú tó tún ń ta bíà, jókòó tì í. Bí Kilian awakọ̀ ṣe yí ọwọ́ irin, "Kíííííín!"

Pömmerl fò sókè. "Kí nìyẹn? Ta ló ń sunkún?"

Dorfinger ṣí fìlà. Ó ka oyè náà láti orí dé ìrù, kò fo ẹlẹ́dẹ̀, ó wá fi kún un pé, "Bíréèkì ni, sà."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?"

"Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, sà."

"Kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé! Ẹni tó ń bá Késárì jẹun yóò jókòó síbí yìí, èmi yóò máa ròyìn iṣẹ́ ribiribi mi fún un, nǹkan onígi yìí yóò wá máa dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu?"

"Ìwọ̀sí gbáà ni, sà," Dorfinger wí. "Ó ti ń bí mi nínú tipẹ́. Mo ti ń sọ ọ́ nínú ara mi pé bíréèkì yìí ò mọ àgbà."

Ẹ gbọ́ ọ bí? Ọkùnrin tí bíréèkì yẹn ti gbé sọ̀kalẹ̀ láyọ̀ láìmọye ìgbà, tòun ti àgbá bíà rẹ̀! Bíréèkì ò mọ àgbà!

Pömmerl ní kí Kilian dá ọkọ̀ dúró, ó dìde nínú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan sí àyà, ó na èkejì sí ọ̀run bí ẹni fẹ́ já èso. "Ẹ̀yin ará Grubenau!" Ó kéde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Grubenau tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin wá wòran kò ju ìwọ̀nba lọ. "Kí ló ń mú irin ké? Gbígbẹ ni! Ohun tó bá gbẹ, kí là ń ṣe fún un? Ọ̀rá là ń fi pa á! Nínú agbára tí a gbé wọ̀ mí, mo pàṣẹ pé kí a fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó funfun, èyí tí kò ní iyọ̀, pa igi náà àti irin náà, títí wọn yóò fi mọ bí a ti ń dákẹ́ níwájú ènìyàn ńlá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ọ̀ṣọ́ ìjọba!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Dókítà ìlú pàtẹ́wọ́. Tíṣà pàtẹ́wọ́ títí ìbọ̀wọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹṣin méjèèjì mi orí nítorí eṣinṣin, tíṣà sì tọ́ka sí i pé, "Ẹ wò ó, ẹranko pàápàá fara mọ́ ọn."

Gbogbo wọn ló mọ̀. Mo fẹ́ kí èyí wọ̀ ọ́ létí. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé nǹkan tí a bá fi ọ̀rá pa yóò máa yọ̀.

Kilian bọ́ sílẹ̀, ó ṣí fìlà. "Ọlọ́lá jùlọ, Ọ̀gá Àgbà Aláyẹ̀wò Ojú Irin Ẹlẹ́ṣin ti Késárì, Alábòójútó Iyọ̀ Tó Ń Lọ àti Àpò Òfìfo Tó Ń Bọ̀, Alákòóso Ibùdókọ̀ Òkè àti Ìsàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, bí a bá fi ọ̀rá yìí..."

"Ẹlẹ́dẹ̀ ń kọ́?" Pömmerl bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ náà ni mo ń wí."

"Ẹgbẹ́ Ìgbéga Ẹlẹ́dẹ̀! O fò ó. Tún un bẹ̀rẹ̀."

Kilian tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé ìdí ẹlẹ́dẹ̀, Pömmerl ti lọ jẹun. Kilian wo fìlà ọwọ́ rẹ̀, ó dé e padà, ó wí fún àwọn ẹṣin rẹ̀ pé, "Ẹ ṣe ẹlẹ́rìí mi o. Mo kúkú sọ ọ́." Irọ́ ni. Kò tíì sọ nǹkan kan. Ó fi ọ̀rá pa bíréèkì láàárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rán an, ó sì gbé èyí tó ṣẹ́kù lọ fún ìyàwó rẹ̀ kó fi dín ẹyin.

Ìjòyè Trattenegg dé sí orí òkè lọ́sàn-án. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò sì sí ohun tó wù ú láyé ju kí ó jókòó síwájú oúnjẹ lọ. Pömmerl kí i káàbọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Ọlọ́run dá iyọ̀. Kreszenz na ọwọ́ kí ìjòyè fẹnu kò ó. Wọ́n wọ ọkọ̀ náà, tí wọ́n ti fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn mẹ́ta lẹ́yìn, Kilian níwájú, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

"Ọlọ́lá," Pömmerl wí, ó fi ìka sí etí. "Kí lẹ gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ gan-an nìyẹn! Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí, ó ní ìtàn tirẹ̀..."

Níwájú, Kilian ń yí ọwọ́ irin. Ó yí i, ó tún yí i. Igi fẹnu ko kẹ̀kẹ́ lára, ó sì yọ̀ bọ̀rọ́ bí ẹja. Kilian fi ọwọ́ kan di ọwọ́ irin mú. Ó ṣí fìlà, ó yíjú sẹ́yìn: "Ọlọ́lá jùlọ Ọ̀gá Àgbà Aláyẹ̀wò Ojú Irin Ẹlẹ́ṣin ti Késárì Alábòójútó Iyọ̀..."

"Má kánjú kà á," Pömmerl bá a wí. "Àlejò wa fẹ́ gbádùn rẹ̀."

Nígbà tí ó fi dé "Ibùdókọ̀ Òkè," ibùdókọ̀ òkè ti jìnnà sẹ́yìn. Imú ọkọ̀ ti ń gún àwọn ẹṣin nídìí. Kilian fi ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ láìpè, ó fa ìwọ̀ tó so àwọn ẹṣin mọ́ ọkọ̀ yọ, ẹṣin méjèèjì yà gbuurugbu sínú pápá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko. Nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kàn, àwọn nìkan ló fẹ̀yìn tì pẹ̀lú iyì.

"Ẹṣin wa dà?" ìjòyè bèèrè.

"Wọ́n... wọ́n lọ sinmi, sà," Pömmerl wí.

Ní ìsàlẹ̀, gbogbo ìlú ti tò sórí pèpéle ibùdókọ̀. Alùfáà wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi mímọ́, ẹgbẹ́ onífèrè wà níbẹ̀, Dorfinger sì ti há ọ̀rọ̀ ìyìn kan sórí fún Pömmerl. Wọ́n rí òdòdó tó ń bọ̀ láti orí òkè, fèrè ké, Dorfinger tẹrí ba: "Ọlọ́lá jùlọ, Ọ̀gá Àgbà Alá..."

Fíìììì! Ọkọ̀ ti kọjá.

Ó gun òkè kejì. Eré rẹ̀ dín kù, ó ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́ sáàárín ọ̀nà. Kreszenz kígbe pé, "Olúwa ṣeun!" Níbẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá jẹ́ ènìyàn bí èmi àti ìwọ, wọn ìbá fò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ilẹ̀ Késárì ni wọ́n.

"Ọlọ́lá, ẹ ṣáájú," Pömmerl wí.

"Rárá o. Obìnrin ló ń ṣáájú."

"Kí n ṣáájú yín kẹ̀? Ẹ gbà mí, n kò lè ṣe é," Kreszenz dáhùn, ó tẹ orúnkún.

"Mo bẹ̀ yín, ìyáàfin."

"Mo bẹ ẹ̀yin náà, ọlọ́lá."

Bí wọ́n ṣe ń bẹ ara wọn lọ́wọ́ ni ọkọ̀ rọra mira, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn.

"Ó ń padà," ìjòyè wí, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun.

Lórí pèpéle, Dorfinger kò tíì gbé orí sókè. Ó gbọ́ ìró ọkọ̀, ó gbà pé iyì ni wọ́n fi ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì mú un láti ibi tó ti dúró: "...yẹ̀wò Ojú Irin Ẹlẹ́ṣin ti Késárì, Alábòójútó I..."

Fíìììì!

"Ẹ jẹ́ ká ju àpò iyanrìn sójú irin!" ìyá arúgbó kan ké.

"Ìyá, ẹ dákẹ́!" tíṣà jágbe mọ́ ọn. "Ṣé ẹ ò rí i pé olórí ìlú ń sọ̀rọ̀ ni?"

Báyìí ni ọkọ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ láàrin òkè méjì bí ìgbà tí a bá ń mi ọmọ kó lè sùn. Lórí òkè àkọ́kọ́, níbi tó ti tún falẹ̀, ìjòyè na ọrùn wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Fìlà rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

"Kẹ̀kẹ́ yẹn ń dán," ó wí. "Bíréèkì yẹn ń dán. Ẹnìkan ti fi nǹkan pa á! Ta ni? Kí n ṣáà ti kúrò nínú ọkọ̀ yìí láàyè, ẹ̀wọ̀n ni ẹni náà yóò ti ṣe àjọ̀dún tó ń bọ̀!"

Pömmerl rí oyè náà, Olùdámọ̀ràn Ààfin, tó na ìyẹ́ tó ń fò lọ. Ó rí Kreszenz tó ń wò ó. Ó sì ṣe ohun tí àwọn ẹni ńlá máa ń ṣe bí ilẹ̀ bá ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ó wá ẹni kékeré tí yóò gbé ẹ̀bi náà lé lórí.

"Awakọ̀ yìí ni! Ọ̀mùtí paraku! Òun ló lọ fi ọ̀rá pa á, kí ó lè pa wá!"

"Èmi?" Kilian yíjú padà. Ó rántí ìyàwó rẹ̀, ó rántí ẹ̀wọ̀n. "Ọ̀gá, èmi Kilian?"

"Ṣé o lè búra sí i?" ìjòyè bi Pömmerl.

"Níwájú Ọlọ́run alààyè!" Pömmerl na ọwọ́ méjèèjì sí òkè.

Ará, ó búra o! Ó sì ṣẹlẹ̀ pé ọwọ́ tó nà sókè yẹn náà ló ti fi di ọkọ̀ mú tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ fà wìì, Pömmerl ṣubú lu Kreszenz, òdòdó sì wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mi ò sọ pé Ọlọ́run ló tì í. Mi ò sì sọ pé Òun kọ́.

Wọ́n tún ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí eré ọkọ̀ ti ń tán, Dorfinger sì ti ka oyè náà dé òpin fún òpó ibùdókọ̀. Inú ọ̀rọ̀ ìyìn gan-an ni ó wà nígbà tí ọkọ̀ dé ọ̀kánkán rẹ̀: "...ẹni tí ó fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀, láìgba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀dá kankan, pàṣẹ kí a fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa bíréèkì lẹ́nu..."

"Háà! Ọgbọ́n ńlá!" gbogbo èrò dáhùn, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìjòyè yí orí díẹ̀díẹ̀. "Kí ló wí?"

"Afẹ́fẹ́ ni, sà," Pömmerl wí, ó ń tu òdòdó.

"Ó dà bí pé mo gbọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Kò burú. A ṣì ń padà lọ síbẹ̀."

Wọ́n sì padà. Pömmerl dìde, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe àpẹẹrẹ sí Dorfinger pé kó dákẹ́, kó panu mọ́, kó kú pàápàá bó bá ṣeé ṣe. Dorfinger rí ọwọ́ tó ń jù, ó sì rò pé ọ̀gá ní kí òun tún gbé ohùn sókè ni. "Ọ̀RÁ ẸLẸ́DẸ̀!" ó ké títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. "ÒUN FÚNRA RẸ̀ NI! ÈYÍ TÍ KÒ NÍ IYỌ̀! AWAKỌ̀ FẸ́ BẸ̀ Ẹ́, KÒ DÁ A LÓHÙN!"

Onífèrè fọn fèrè pẹ̀lú gbogbo agbára.

Ọkọ̀ gun òkè àkọ́kọ́ níwọ̀nba, ó padà, ó sì dúró fúnra rẹ̀ níwájú pèpéle. Bíréèkì kọ́ ló dá a dúró. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ìjòyè kò dúró de ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn. Ó gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ bí olè ọsàn tó ń sá fún olóko, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó mí. Lẹ́yìn náà ló wo Pömmerl.

"Kí ni orúkọ rẹ?"

"Ọlọ́lá jùlọ, Ọ̀gá Àgbà Aláyẹ̀wò..."

"Orúkọ ni mo bèèrè."

Ó ní láti wá a lọ́kàn, nítorí ó ti pẹ́ tó ti lò ó kẹ́yìn. "Ignaz Pömmerl, sà."

"Ìyẹn nìkan ló kù fún ọ láti òní lọ. Lọ fi omi gbígbóná àti eérú fọ ọ̀rá yẹn kúrò. Awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń jẹun nílùú yìí?"

Dorfinger dé fìlà rẹ̀. Ẹ ò rí i bó ṣe yá tó! "Mo ti sọ ọ́ nínú ara mi tipẹ́," ó wí fún tíṣà, "pé ọkùnrin yẹn ò gbọ́n." Lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn ará ìlú fẹ́ kí Kreszenz, wọ́n yanu, "Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyáàfin..." wọn kò sì rí nǹkan fi kún un, nítorí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá. Ẹkún rẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ẹkún yẹ̀yẹ́, n kò sì ní fi rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ń fọ bíréèkì. Kilian dúró tì í, ó ń jẹ ápù. "Ignaz, ó kù díẹ̀ lábẹ́ níbẹ̀. Rárá, lábẹ́. Àwọn Ẹgbẹ́ Ìgbéga yín ò kọ́ yín ní fífọ nǹkan ni?" Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń yìn ín mọ́, Pömmerl gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà bí ènìyàn.

Ibi tí ẹ rò pé ìtàn parí sí nìyẹn. Ó ṣe mí láàánú pé kò parí síbẹ̀.

Wọ́n rán ọ̀gá tuntun wá láti Linz, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tijú. Ó bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ fún Dorfinger, ó ní, "Toman lorúkọ mi. Ẹ kàn máa pè mí bẹ́ẹ̀."

Ìbẹ̀rù bo ìlú. "Toman lásán?" Dorfinger wí. "Kò ṣeé gbọ́ sétí, Ọ̀gá Toman." Nígbà tó yá, ó di Ọ̀gá Àgbà. Tíṣà fi Ọlọ́lá kún un. Dókítà bá a wá ẹgbẹ́ olóyin kan tí yóò sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ àyẹ́sí. Ọ̀dọ́kùnrin náà kọ́kọ́ ń tijú. Lẹ́yìn náà kò tijú mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan nílé bíà, ó ní fìtílà tí wọ́n ń tàn síbi tí ojú irin ti dábùú títì, láti fi kìlọ̀ fún èrò, kò jẹ́ kí òun gbádùn ojú ọ̀run.

"Ìwọ̀sí gbáà ni!" Dorfinger wí. "Fìtílà yẹn ò mọ àgbà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Pömmerl, tó gbé korobá omi kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ju korobá sílẹ̀, ó ké pé, "Ẹ má gbà á fún un! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbà á! Ẹ̀ ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́!"

Gbogbo wọn yíjú wò ó. "Ta nìyẹn?" Dorfinger bèèrè. "Oyè wo ló jẹ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ìwọ tí o ń kà á, n kò bá Pömmerl wí láti àárọ̀. Ìwọ ni mò ń bá wí. O ní ọ̀gá kan níbi iṣẹ́, tàbí alàgbà kan nínú ìjọ, tàbí olówó kan nínú ẹbí, tó sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwọ sì dáhùn pé, "Ọgbọ́n ńlá, sà." O mọ̀. Ọlọ́run náà mọ̀ pé o mọ̀. Mo bẹ̀ ọ́, yí padà. Dìde lórí ìjókòó tí o wà yìí, lọ bá a kí ilẹ̀ tó ṣú, má fìyìn ṣáájú, sọ òótọ́ fún un.